Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: alága àti ọ̀gá ìlera ń bọ̀ wá jókòó síwájú àwa kánsẹ́lọ̀, kí ni kí n bi wọ́n?

Kánsẹ́lọ̀_Wọ́ọ̀dù6 (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kánsẹ́lọ̀ ni mí ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Òkè-Ògùn. Ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyí, tíṣà ni mí kí wọ́n tó dìbò yàn mí. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, alága, akápò àti dókítà tó ń bójú tó ìlera ní ìjọba ìbílẹ̀ wa máa wá jókòó síwájú ilé ìgbìmọ̀ àwa kánsẹ́lọ̀. Nǹkan méjì la fẹ́ bi wọ́n: àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù, àti ìrànwọ́ fáwọn ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́.

Kí n má parọ́, irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ tá a ṣe kẹ́yìn, ojú tì mí. Alága sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gómìnà, ó ní iṣẹ́ ń lọ. Ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, sà." Ẹlòmíì ní ìgbà wo ni wọ́n máa tún ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù òun ṣe, wọ́n ní "láìpẹ́". Wọ́n gbé malt àti míìtì páì dé, ó parí síbẹ̀. Lóru ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, obìnrin kan ní wọ́ọ̀dù mi bímọ sórí ọ̀kadà, torí àgádágodo ni wọ́n bá lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn wa. Ọlọ́run ló yọ ìyá yọ ọmọ. Láti ọjọ́ náà ni míìtì páì yẹn ti ń korò lẹ́nu mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, tàbí tẹ́ ẹ ti jókòó sí ìhà kejì tábìlì, irú ìbéèrè wo ni wọn ò ní lè fi "láìpẹ́" dáhùn?

Bàbá_Fáìlì

Hónọ́rébù, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọdún 29 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní káńsù kí n tó fẹ̀yìn tì, ìhà kejì tábìlì tẹ́ ẹ wí yẹn ni mo sì ń jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí wa. Kò sí ohun tó dùn mọ́ àwa tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè bíi kánsẹ́lọ̀ tó béèrè nǹkan márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá á mú èyí tó rọrùn jù nínú márààrún, á sọ̀rọ̀ lé e lórí títí àwọn èèyàn á fi máa wo aago, mẹ́rin tó kù á bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ béèrè ẹyọ kan. Ẹ jókòó. Tí kò bá dáhùn rẹ̀, ẹ tún dìde, ẹ béèrè ẹyọ kan yẹn náà.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni ilé ìwòsàn wo. UCH n'Íbàdàn, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Jẹ́nẹ́rà tó wà nílùú yín, ìpínlẹ̀ ló ni ín. Alábọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù lẹ lè torí ẹ̀ di alága mú. Mo rí kánsẹ́lọ̀ kan nígbà tiwa tó fi gbogbo ìjókòó bínú pé kò sí dókítà ní jẹ́nẹ́rà. Alága kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ni, ó ní òun náà máa bá wọn kọ lẹ́tà sí ìpínlẹ̀. Hónọ́rébù yẹn fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá, ọ̀gá tí ẹ̀tẹ̀ wà lára ẹ̀ sì ń bá a pàtẹ́wọ́.

Àmọ́ ẹ múra sílẹ̀ de ọgbọ́n kan. Alága máa sọ pé ọwọ́ òun kọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wà mọ́, pé Bọ́ọ̀dù ìlera alábọ́dé ti ìpínlẹ̀ ló ń darí wọn. Òótọ́ ni. Láti ọdún 2011 ni ìlànà ti wà pé kí gbogbo ìlera alábọ́dé wà lábẹ́ òrùlé kan. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ń san owó oṣù wọn, látinú owó ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́ kí ìyókù tó délé. Àfikún Kẹrin ìwé òfin ọdún 1999 sì kọ ìpèsè ìlera mọ́ iṣẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ sí. Nítorí náà, bó bá ti dárúkọ Bọ́ọ̀dù, ẹ ní: "A ti gbọ́, sà. Èló ni wọ́n yọ lówó wa fún òṣìṣẹ́ ìlera lóṣù tó kọjá, òṣìṣẹ́ mélòó ni owó yẹn wà fún, mélòó ló sì wà ní wọ́ọ̀dù kẹfà?" Ìwé tó máa dáhùn ìyẹn, ìwé ìpàdé JAAC ni, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí ìpínlẹ̀ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ti jọ ń pín owó ìjọba ìbílẹ̀. Ó máa ń wà ní ọ́fíìsì akápò. Mo mọ dúrọ́ọ̀ tó máa ń wà.

Ẹ má sì dúró dọjọ́ ìjókòó kẹ́ ẹ tó béèrè ìwé. Ẹ gba ọwọ́ akọ̀wé ilé kọ lẹ́tà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ to ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ sínú ẹ̀. Bọ́jẹ́ẹ̀tì kò sí lára wọn o, torí ẹ̀yin fúnra yín lẹ fọwọ́ sí i. Àbí ẹ ò kà á?

Kánsẹ́lọ̀_Wọ́ọ̀dù6

Bàbá, ẹ ti gbá mi mú. Ìdajì ni mo kà.

Ọmọ_Àdúgbò

Bàbá_Fáìlì, nígbà tiyín, ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń gbé malt wá ṣá?

Bàbá_Fáìlì

Èmi kọ́. Èmi ni mo ń fọwọ́ sí ìwé owó ẹ̀.

Agbẹ̀bí_Òru

Ẹ kú ìjókòó o. Agbẹ̀bí ni mí, ọdún kẹrìnlá mi rèé lẹ́nu iṣẹ́, abúlé ni mo sì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Hónọ́rébù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè pé "Ṣé ilé ìwòsàn ń ṣiṣẹ́?" Bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n máa sọ. Ẹ ní: "Lóru ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù kẹfà?" Orúkọ wà nínú ìwé tí a fi ń pín òru fúnra wa, ó máa ń wà lára ògiri. Tí kò bá sí lára ògiri, ẹ ti rí ìdáhùn yín nìyẹn. Ìlànà sọ pé ó kéré tán, nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí mẹ́rin ló yẹ kó wà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Àwa méjì ni mo bá níbi tí mo ti ṣe ọdún márùn-ún. Ẹnì kejì mi lóyún, ó gba ìsinmi, ó wá ku èmi nìkan. Ẹ sọ fún mi, ta ni ò ní ti ilẹ̀kùn? Èmi náà tì í rí, mi ò ní purọ́.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè: fíríìjì. Abẹ́rẹ́ oxytocin tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró tí obìnrin bá bímọ tán, inú òtútù ló ń gbé, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 °C. Tí iná bá lọ fún ọ̀sẹ̀ kan tí kò sí sólà, tí kò sí epo jẹnẹrétọ̀, agbára oògùn yẹn á máa lọ díẹ̀díẹ̀, ìgò rẹ̀ ò sì ní yí àwọ̀ padà. A ó gún un fún abiyamọ, ẹ̀jẹ̀ á ṣì máa dà, wọ́n á ní àwọn ọ̀tá ìdílé ni. Nítorí náà, ẹ bi dókítà yín pé: "Oṣù tó kọjá, ọjọ́ mélòó ni fíríìjì ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan kò fi tutù?" Tó bá mọ̀ ọ́n, ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀. Tí kò bá mọ̀, ó yẹ kó lọ mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ lẹ ti máa dé orí epo, láti orí epo lẹ máa dé orí owó, ẹ ò tíì jà rárá.

Ti oògùn rọrùn. Oògùn kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí a fi ń kọ èyí tó wọlé àti èyí tó jáde. Ẹ ní kí wọ́n mú káàdì oògùn ibà ti oṣù mẹ́fà wá. Ẹ wo ọjọ́ tó tán, ẹ wo ọjọ́ tí òmíì dé, ẹ ka ọjọ́ tó wà láàárín méjèèjì.

Nípa owó, òfin ìlera tí wọ́n ṣe lọ́dún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera tó ṣe kókó fún mẹ̀kúnnù. Bí òfin yẹn ṣe pín in, ìdajì wà fún ìdójútòfò ìlera, 45 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sọ́dọ̀ àjọ ìlera alábọ́dé, 5 tó kù wà fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì ilé ìwòsàn kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó lé díẹ̀ ní ₦300,000 lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ti fi kún un báyìí. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ajá. Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ kọ ohun tó fẹ́ fi ṣe sílẹ̀ kó tó ná an, ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù sì gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ sí i. Ẹ wádìí ìgbìmọ̀ yẹn dáadáa. Níbì kan tí mi ò ní dárúkọ, bàbá tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ náà ti kú fún ọdún kan ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ wọn ṣì ń wá sí ìpàdé.

Ohun tí mo fi ń bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ má fi nọ́ọ̀sì ṣe ẹran ẹbọ. Tí ìjókòó bá ti gbóná, wọ́n máa ń wá òṣìṣẹ́ kékeré kan gbé lọ sí abúlé míì, wọ́n á ní àwọn ti gbégbèésẹ̀.

Ìyá_Elélùbọ́

Ẹ ṣé é, màmá agbẹ̀bí, Ọlọ́run á máa bá wa ṣọ́ ọwọ́ yín. Ẹ wá jẹ́ kí n bọ́ sí ti ọjà, torí mo rí i pé ẹ ti fẹ́ gbàgbé wa.

Èlùbọ́ ni mò ń tà, látọwọ́ ìyá mi ni mo ti gbà á. Ìrànwọ́ yìí, a ti rí oríṣiríṣi. Lọ́dún 2018 TraderMoni dé, ₦10,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, gbèsè ni o, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ₦50,000 tí wọ́n ní a ò ní san padà, tí wọ́n ní èèyàn mílíọ̀nù kan ló máa gbà á káàkiri gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774. Wọ́n kọ orúkọ wa, wọ́n gba NIN, wọ́n gba BVN, wọ́n ya wá ní fọ́tò pẹ̀lú ọjà wa níwájú. Ní ìsọ̀ tèmi, èèyàn mẹ́ta ni mo mọ̀ tí owó wọlé sí àkáǹtì wọn. Ọ̀kan nínú wọn, mi ò rí i kó ta ata rí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ béèrè, ẹ má béèrè pé èèyàn mélòó lẹ ràn lọ́wọ́. Wọ́n á dárúkọ iye kan tó tóbi, ilé á pàtẹ́wọ́. Ẹ ní kí wọ́n mú orúkọ wá, ọjà sí ọjà, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ṣọ́ọ̀bù Ìyálọ́jà. Àwa fúnra wa la máa ka ìyókù.

Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́ inú mi, ìrànwọ́ tí mo ń wá kì í ṣe owó. A ní àjọ wa, a ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, a ń yá ara wa lówó, a sì ń san án. Ohun tó ń pa wá ni tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń já a fún wa lọ́jọ́ ọjà, aṣọ wọn ò jọra, gbogbo wọn ní káńsù ló rán àwọn. Ohun kejì, ọjà tó tó báyìí, kò sí ilé ìgbẹ́ kan ṣoṣo. Inú igbó ẹ̀yìn pápá la ń lọ, àwa ìyá arúgbó, nínú òjò. Ẹ bi akápò ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan fún mi: èló ni tíkẹ́ẹ̀tì ọjà wa mú wọlé lọ́dún tó kọjá, èló ni wọ́n sì ná padà sínú ọjà yẹn?

Bàbá_Fáìlì

Ìyá, ẹ kú ọjà. Ìbéèrè yín yìí ló dáa jù nínú gbogbo ohun tá a ti kọ látàárọ̀. Ilé ìgbẹ́ ìgboro, ọjà, gáréèjì àti ilé ìpẹran, iṣẹ́ káńsù ni wọ́n pátápátá, ó wà ní Àfikún Kẹrin yẹn kan náà, kò sẹ́ni tí alága lè nàka sí. (Ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ ológeere àti ti ọmọlanke náà ṣì wà níbẹ̀ o, ti rédíò pàápàá. Àwọn tó kọ ọ́ ò mọ̀ pé fóònù ń bọ̀.)

Ọ̀rẹ́_Alága

Ẹ rọra o, ẹ̀yin èèyàn. Mo ń bá alága kan ṣiṣẹ́, mi ò ní sọ ibi tó wà. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé owó kún ilé alága. Tí wọ́n bá yọ owó oṣù àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n yọ owó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n yọ ti òṣìṣẹ́ ìlera, tí wọ́n yọ ti káńsù fúnra ẹ̀, ohun tó máa ń kù nígbà míì kò tó tún afárá kan ṣe. Wọ́n ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dá a ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó máa wá tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. A gbọ́. Ẹ wá sọ́dọ̀ wa, kẹ́ ẹ wá wo bí ó ṣe rí.

Hónọ́rébù, ẹ rántí pé alága yín kan náà ló ń buwọ́ lu owó ìrìnnà yín. Tẹ́ ẹ bá dójú tì í ní gbangba, ọ̀dọ̀ yín ni gírédà ò ní dé. Ẹ lọ bá a nílé kọ́kọ́, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ máa béèrè fún un. Ọmọ Yorùbá ni wá, a kì í já lu àgbà lójijì.

Agbẹ̀bí_Òru

Obìnrin tó bímọ sórí ọ̀kadà yẹn ńkọ́, wọ́n lọ bá a nílé kọ́kọ́ kí ìrọbí tó já lù ú?

Bàbá_Fáìlì

Ẹ fara balẹ̀, mà. Ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ̀ dáa. Hónọ́rébù, ẹ lọ kí i ní tòótọ́, ẹ jẹ́ kó mọ ìbéèrè yín ṣáájú. Ìbéèrè tó dáa kì í bà jẹ́ torí pé wọ́n ti gbọ́ ọ, á tún jẹ́ kí wọ́n má lè sọ pé àwọn ò mú ìwé dání. Ṣùgbọ́n ẹ má dá lọ. Ẹ mú kánsẹ́lọ̀ kan dání, ẹ lọ lọ́sàn-án, bí wọ́n bá sì nawọ́ "owó epo" sí yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní táńkì yín ti kún.

Ti pé owó kò tó, òótọ́ lè ni. Ẹ jẹ́ kí alága fi ìwé fi hàn nígbà náà. Owó tí kò tó rọrùn láti fi hàn ju owó tó tó lọ.

Dàpọ̀_Kọ̀ǹpútà

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwa ọ̀dọ́ kún un. Iye tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà látàpò àpapọ̀ lóṣooṣù, ìjọba àpapọ̀ máa ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ yín níbẹ̀. Ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún ni gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ jọ ń pín. Hónọ́rébù, ẹ tẹ ti oṣù mẹ́fà tó kẹ́yìn sórí ìwé kan ṣoṣo, kí lẹ́tà ẹ̀ tóbi, kẹ́ ẹ pín in fún gbogbo kánsẹ́lọ̀ kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kà á látinú fóònù. Tí fóònù bá kú, ọ̀rọ̀ yín kú nìyẹn.

Tí wọ́n bá kọ̀ láti fún yín níwèé, òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 wà. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Ẹni tó béèrè ò nílò láti sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan ìpínlẹ̀ àti káńsù. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti yanjú ìyẹn ní oṣù kẹrin ọdún 2025: ó kan gbogbo wọn. Bí ojú bá ń ti kánsẹ́lọ̀ láti kọ lẹ́tà náà, kí ará wọ́ọ̀dù kan kọ ọ́. Èmi á bá yín tẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ_Peckham

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o láti London. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín lórí bọ́ọ̀sì látìgbà tí mo ti jáde níbi iṣẹ́, mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀.

Níhìn-ín, òfin fún àwọn kánsẹ́lọ̀ ní ìgbìmọ̀ kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa yẹ iṣẹ́ ilé ìwòsàn wò. Tí wọ́n bá ránṣẹ́ pe ọ̀gá NHS, àjọ ìlera ìjọba níbí, dandan ni kó wá. Ẹni tó bá wà nínú àwọn aláṣẹ káńsù kò gbọ́dọ̀ jókòó sínú ìgbìmọ̀ náà, kí ẹnì kan má bàa máa bi ara ẹ̀ ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé òfin nìkan tó. Ilé ìwòsàn kan wà ní Stafford, láàárín ọdún 2005 sí 2009, ìyà jẹ àwọn aláìsàn níbẹ̀ débi tí ìjọba fi gbé ìwádìí kalẹ̀. Robert Francis ló darí ẹ̀, ìròyìn ẹ̀ jáde ní oṣù kejì ọdún 2013. Ara ohun tó wà nínú ẹ̀ ni pé àwọn kánsẹ́lọ̀ tó yẹ kó máa ṣọ́ ilé ìwòsàn yẹn kò rí àmì kankan pé nǹkan ti bà jẹ́. Àwọn ẹbí aláìsàn ló pariwo. Nítorí náà, Hónọ́rébù, kí obìnrin orí ọ̀kadà yẹn, tàbí ọkọ ẹ̀, wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà tí wọ́n bá gbà. Wọn ò ní láti sọ̀rọ̀. Kí alága kàn máa wò wọ́n.

Ẹ tún gbọ́ ti Lewisham, ibi tí mo bí àwọn ọmọ mi méjèèjì sí. Lọ́dún 2013, mínísítà ìlera ìgbà náà, Jeremy Hunt, fẹ́ gé ẹ̀ka pàjáwìrì àti ti ìgbẹ̀bí ibẹ̀ kù, torí gbèsè tí àwọn ilé ìwòsàn míì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ jẹ. Káńsù Lewisham àti ẹgbẹ́ àwọn ará àdúgbò gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù keje ilé ẹjọ́ ní mínísítà kò ní agbára bẹ́ẹ̀, ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó tún pàdánù ní oṣù kẹwàá. Bàbá_Fáìlì ti sọ ọ́: ẹ mọ ẹni tó lágbára lórí kí ni. Ohun tí wọ́n fi borí mínísítà gan-an nìyẹn.

Ti òwò: nígbà Kòrónà lọ́dún 2020, wọ́n fún àwọn òwò kéékèèké ní £10,000, nípasẹ̀ káńsù. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó wà lórí ìwé owó orí ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n wò. Ní Rye Lane tiwa níbí, ṣọ́ọ̀bù kan lè ní onírun, ẹlẹ́ran, atún-fóònù-ṣe àti ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé nínú. Ìwé kan ni gbogbo wọn ní. Aláṣọ tó ya igun kan kò rí nǹkan kan gbà, títí wọ́n fi gbé owó míì sílẹ̀ fáwọn tó ń ṣòwò ní ọjà àti níbi tí wọ́n pín lò. Ẹ bi wọ́n pé ta ni kò sí nínú ìwé yín.

Ìyá_Elélùbọ́

Àwọn aláàtẹ lẹ ń wí yẹn. Àwọn tó ń tẹ́ ọjà sórí ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn, ṣùgbọ́n tí ìrànwọ́ bá dé, wọ́n á ní "Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù yín dà?" Ẹ kú àárò ilé, ọmọ mi, ẹ máa jẹun.

Kánsẹ́lọ̀_Wọ́ọ̀dù6

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti gbìyànjú kọ ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹ bá mi wò ó: "Ṣé alága lè ṣàlàyé fún ilé yìí àwọn ìgbésẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbé láti rí i pé ìlera tó péye wà fún àwọn ará ìlú?"

Agbẹ̀bí_Òru

Áà. Hónọ́rébù, malt ń bọ̀.

Bàbá_Fáìlì

Ẹ ti gbé tábìlì ka iwájú ẹ̀, ẹ tún bá a bu omi ìfọwọ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Àwọn wo ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù kẹfà lóru ọjọ́ báyìí, tí ilẹ̀kùn fi wà ní títì?" Kí ọjọ́ yẹn jẹ́ òru ọ̀kadà gan-an. Bí ó bá ní òun máa wádìí, ẹ ní: "Ọjọ́ wo ni ká retí èsì, sà?" Kí akọ̀wé ilé kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ lójú gbogbo yín. Ẹ máa dákẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá béèrè tán. Ìdákẹ́jẹ́ máa ń wúwo lára àwọn aláṣẹ.

Kánsẹ́lọ̀_Wọ́ọ̀dù6 (ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà)

Mo padà wá jíṣẹ́. Ẹ má retí ìtàn ìṣẹ́gun.

Mo lọ kí alága nílé pẹ̀lú kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù kejì. Ó gbà wá dáadáa, ó ní ká má ṣèyọnu. A ní a ò ṣèyọnu, ìwé nìkan la fẹ́. Lọ́jọ́ ìjókòó, ìwé mẹ́ta wá nínú mẹ́fà. Ìwé JAAC ò wá. Ìwé kan ṣoṣo tí Dàpọ̀ bá wa tẹ̀ (ẹ ṣé, àbúrò mi) wà lọ́wọ́ gbogbo ilé, nígbà tí alága sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pé owó kò wọlé, mo rí i tí ojú ẹ̀ bọ́ sórí ẹ̀. Ó yí ọ̀rọ̀ padà sí ti àwọn owó tí wọ́n ń yọ. Ìyẹn náà wúlò, torí dókítà fẹnu ara ẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé iye òṣìṣẹ́ tí owó ń lọ fún ju iye tí òun mọ̀ lójú lọ. Yàrá pa rọ́rọ́. Alága ní àṣìṣe ìkọ̀wé ni. Ilé ní kí wọ́n mú orúkọ wọn wá láàárín ọjọ́ 14.

Ọkọ obìnrin yẹn jókòó sẹ́yìn. Kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo béèrè ìbéèrè òru náà, mo jókòó, mo dákẹ́ bí Bàbá ṣe wí. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà ní ilé ìwòsàn náà, ó sì ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé òun nìkan kò lè ṣe é. Lẹ́tà ẹ̀ wà nínú fáìlì. Ẹnì kan fẹ́ sọ pé ká fìyà jẹ ẹ́. Mo rántí ọ̀rọ̀ agbẹ̀bí wa, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ka lẹ́tà yẹn sókè fún ilé. Wọ́n kà á. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ìyà.

Àwa mẹ́ta lọ síbẹ̀ lóru ọjọ́ Ẹtì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti wọ́ọ̀dù míì, iná fóònù ló ń lò. Mo fọwọ́ kan fíríìjì. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Agbẹ̀bí_Òru

Abẹ́rẹ́ wà nínú ẹ̀?

Kánsẹ́lọ̀_Wọ́ọ̀dù6

Ó wà. Mélòó kan.

Agbẹ̀bí_Òru

Ẹ pe nọ́ọ̀sì yẹn lálẹ́ yìí. Kó má gún un fún ẹnikẹ́ni mọ́, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti bà jẹ́, kó kọ ọjọ́ àti iye ẹ̀. Ilé ìwòsàn wo nítòsí ló ní sólà? Kí wọ́n máa gbé tuntun síbẹ̀, kí wọ́n máa fi kúlà gbà á títí iná fi máa dé. Wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti gbé ọmọ yẹn kúrò, ẹ béèrè ẹni tó wà níbẹ̀ lóru báyìí.

Kánsẹ́lọ̀_Wọ́ọ̀dù6

Mo ń pè é lọ́wọ́. Ti wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti gbé e kúrò yẹn, mi ò tiẹ̀ ronú kàn án.

Ìyá_Elélùbọ́

Ẹ kú ìnira o, Hónọ́rébù. Tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ilé ìgbẹ́ ńkọ́?

Kánsẹ́lọ̀_Wọ́ọ̀dù6

Akápò dárúkọ iye tó wọlé, Ìyá, ẹ jẹ́ kí n dé ọjà kí n tó sọ ọ́ fún yín. Iye tí wọ́n ná padà sínú ọjà, ó ní kò sí nínú ìwé. Mo ní ṣé kò sí nínú ìwé ni, àbí kò sí. Ó ní kò sí. Wọ́n ti mú ọjọ́ fún ilé ìgbẹ́, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ní àwọn máa wá wọn ilẹ̀. Akọ̀wé ilé ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá_Elélùbọ́

Ọjọ́ kẹsàn-án. Ọjọ́ ọjà ni. A máa wà níbẹ̀.